Ẹ̀gbọ́n Mi Wọ́dà àti Abẹ́rẹ́ Ínsúlíìnì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi nílé ìwòsàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fa dúrọ́ọ̀ òkè jáde pátápátá, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi ìka gbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá pákó méjì ló wà níbẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà títí dé èjìká. Ó tú ìbọ̀sẹ̀ mi tí wọ́n ká pọ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Nígbà tó kan ìgò oyin kan, ó gbé e sókè síbi iná, ó yí i wò, ó ní, "Ẹ̀hẹ́n."

Oyin wọ inú àpò rẹ̀. Jáàmù tẹ̀ lé e. Ó mú bisikíìtì kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó wo àárín rẹ̀, ó sọ òun náà sínú àpò.

"Ta ló kó àwọn nǹkan wọ̀nyí wá fún ẹ?"

"Àwọn oníbàárà mi ni."

"Àwọn ọ̀tá ẹ ni."

Iṣẹ́ wọ́dà ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe títí ó fi fẹ̀yìntì. Ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n gan-an ni wọ́n fi í sí, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù àwọn àlejò wò. Kò sí ohun tí ẹ̀dá lè fi pamọ́ tí kò tíì rí: fóònù nínú ọṣẹ, ọ̀bẹ nínú àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, sìgá nínú irun dídì. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì ló burú jù lójú rẹ̀. Ó gbà pé kò sí ohun tó rọrùn láti ki nǹkan bọ̀ bíi búrẹ́dì, nítorí náà búrẹ́dì kì í wọ ẹnu rẹ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ fà á ya sí méjì, tó yọjú wo inú rẹ̀. Oníbúrẹ́dì sì ni èmi àbúrò rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀, kò tíì jẹ tèmi rí láìfà á ya.

Èmi a ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi fúnra mi ni mo ṣe é o."

Òun a ní, "Mo mọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn."

Bí mo ṣe dé ilé ìwòsàn kò gba àlàyé púpọ̀. Òórùn gáàsì kan ń yọ nídìí ààrò mi. Èmi sì jẹ́ ẹni tó máa ń fẹ́ mọ ibi tí nǹkan ti ń wá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ṣá ìṣáná kí n lè ríran dáadáa. Mo rí ibi tó ti ń wá. Nígbà tí mo tún la ojú, yàrá àwọn tí iná jó ni mo wà. Iná ti bó apá mi méjèèjì láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, ó bó àyà mi, irun ojú mi sì ti lọ láìdágbére. Wọ́n wé ọwọ́ mi ní bándéèjì títí ó fi dà bí ìrọ̀rí méjì tí wọ́n so mọ́ mi lára.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà wa. Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó bóyá kí òun hù. Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní sùúrù. Ó fa àga sún mọ́ mi, ó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe.

"Ẹ wò ó, bàbá, ọwọ́ yín ni mò ń rò jù. A óò bó awọ díẹ̀ lára itan yín, a óò fi lẹ ọwọ́. Tí ara yín bá lágbára, ọwọ́ á gba awọ náà, á di tirẹ̀. Tí kò bá lágbára, awọ á kú sórí egbò, ìka yín á sì gan."

"Ṣé n óò ṣì lè po fúláwà?"

"Tí awọ bá mú, ẹ óò pò ó. Tí kò bá mú, ẹ ò ní lè di ṣíbí mú."

N kò ní iṣẹ́ mìíràn. N kò tilẹ̀ ní eré mìíràn. Ìyàwó mi ti kú, àwọn tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi ni ẹbí mi, àwọn àti ẹ̀gbọ́n mi. Nítorí náà mo sọ fún dókítà pé ohunkóhun tó bá ní kí n ṣe, n óò ṣe é.

"Ẹ óò máa jẹun gan-an," ó wí. "A óò sì máa gún yín ní ínsúlíìnì, torí ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Kì í ṣe pé ẹ ní àtọ̀gbẹ o. Iná tó jó yín ló fà á."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn kò dé etí ẹ̀gbọ́n mi. Bó ṣe gbọ́ "ínsúlíìnì" báyìí, àpò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni wọ́n ń gún fún bàbá wa. Àtọ̀gbẹ ló ṣe é. Wọ́n gé ẹsẹ̀ kan, wọ́n gé èkejì, lẹ́yìn náà a sin ín. Èmi ṣì kéré. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé e wọ ilé ìwẹ̀, òun ló ń gbé e jáde. Láti ìgbà náà kò fi ohun dídùn kan ẹnu mọ́, ó sì ti pinnu pé bí àìsàn yẹn bá tún fẹ́ wọ ilé wa, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bá òun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ní n kò ní àtọ̀gbẹ."

"Dókítà wo? Ọmọ yẹn tí kò tíì fá àgbọ̀n rí?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tí wọ́n bá ń gún lábẹ́rẹ́ ṣúgà, alátọ̀gbẹ ni. Wọn kì í sọ fún alátọ̀gbẹ lójú kan náà, kí àyà má baà já a. Wọn ò sọ fún bàbá wa náà. Má ṣèyọnu. Mo ti wà níbí."

Ọjọ́ yẹn gan-an ló tú kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Nínú yàrá náà, ẹnì kan ló sùn tì mí, télọ̀ kan tó lára, tó máa ń rẹ́rìn-ín sí oúnjẹ kí oúnjẹ tó dé. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló jábọ́ lé e lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń bá oníbàárà kan jiyàn. Ó ní òun gbóòórùn nǹkan tó ń jó, òun sáré yẹ ṣòkòtò oníbàárà wò, ṣòkòtò kò ṣe nǹkan kan, inú òun dùn, òun sì ń bá iyàn lọ. Ìgbà tí oníbàárà na ìka sí ilẹ̀ ni òun tó rí i pé ẹsẹ̀ òun ni.

Nígbà tó gbọ́ pé itan mi ni wọ́n fẹ́ mú awọ rẹ̀, ó ronú bí oníṣẹ́ ọwọ́.

"Ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ gé ṣòkòtò láti fi tún ọwọ́ ẹ̀wù ṣe."

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn."

"Ó dáa. Ó kéré tán, aṣọ kan náà ni. Àwọ̀ ò ní yàtọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi bi í léèrè oògùn tó ń lò. Ó ní oníhóró funfun kan ni, òun ń gbé e mì láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Ẹni tó ń gbé oògùn mì, tí wọn ò gún, ara rẹ̀ le lójú tirẹ̀ nìyẹn.

Oúnjẹ àwa tí iná jó kì í ṣe kékeré. Ara tó ń hu awọ tuntun ń ṣiṣẹ́ ju alágbàṣe lọ, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé ìdáná: ẹyin mẹ́ta, ẹran, ẹ̀wà, mílíìkì tí wọ́n po ṣúgà sí, àti abọ́ kọ́sítáàdì kan tó ń mì bí ikùn ọlọ́jà. Nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ wá. Ìyá Etí ni mo sọ ọ́ ní tèmi, torí pé ìka tí wọ́n máa ń gún láti yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò wà nínú bándéèjì, etí ni ó ń gún fún mi. Á gún etí, á fi ẹ̀jẹ̀ kán sórí ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, á wo nọ́ńbà tó jáde, á gún ínsúlíìnì sí mi níkùn bó ṣe yẹ, á sì lọ síbi ibùsùn tó kù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé oúnjẹ wọlé.

N kò lè di ṣíbí mú. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń fún mi lóúnjẹ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Á wo àwo náà bí ẹni ń yẹ ẹrù wò. Á ya ewébẹ̀ sọ́tọ̀, á ya kùkúmbà sọ́tọ̀, á bó ẹyin kan, á yọ pupa inú rẹ̀. Èyí ni tèmi. Lẹ́yìn náà á gbé gbogbo ìyókù, mílíìkì, kọ́sítáàdì, ẹran, ẹ̀wà, á gbé e fún télọ̀. Kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n rí. Òfin ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ni: lọ́gbà wọn, oúnjẹ ò gbọdọ̀ ṣòfò, ohun tí ẹni kan ò bá jẹ, ti yàrá kejì ni.

"Ìyá mi," télọ̀ á wí, kọ́sítáàdì á ti kún ẹnu rẹ̀, "Ọlọ́run á bùkún yín."

"Àmín. Jẹ ẹ́ tán."

Tí Ìyá Etí bá padà dé, á bèèrè, "Ṣé oúnjẹ ti tán, mà?"

"Ẹ wo àwo."

Àwo á mọ́ gbáú. Ẹ̀gbọ́n mi kì í purọ́. Ìbéèrè tí wọ́n bá bi í ló máa ń dáhùn.

Tí ẹ bá ń ronú pé kí ló dé tí n kò pariwo, ẹ ò tíì bá ẹ̀gbọ́n mi pàdé nìyẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìrora kì í jẹ́ kí ebi pa mí. Mo tún rò ó pé ó ti ṣe irú ìtọ́jú yìí rí, èmi ò ṣe é rí. Mo jẹ kùkúmbà mi, mo dákẹ́.

Láìpẹ́, dókítà àti Ìyá Etí bẹ̀rẹ̀ sí í dúró pẹ́ níwájú ibùsùn wa. Ẹnì kan nínú àwa méjèèjì ni ṣúgà rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ẹnì kejì ni tirẹ̀ ń gòkè, wọn ò sì rí ìdí rẹ̀. Èmi tí wọ́n ń kó ẹyin mẹ́ta fún ń gbẹ bí igi. Dókítà dín ínsúlíìnì mi kù. Nọ́ńbà ṣì ń sọ̀kalẹ̀. Ó ní ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ó gún ìka ara rẹ̀, ẹ̀rọ ní ara rẹ̀ dá. Ó gún ti Ìyá Etí, òun náà dá.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́. "Ẹ gún èmi náà."

Wọ́n gún un.

"Ó dára gan-an, mà," ni dókítà wí. "Bí ti ọmọdé ló rí."

Láti ọjọ́ náà títí di òní, kò sí ẹni tó pàdé ẹ̀gbọ́n mi tí kò gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà bí ti ọmọdé. Ó sọ fún ẹni tó ń nulẹ̀. Ó sọ fún ọkùnrin kan tó béèrè ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó tún ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé ọ̀kan ń lọ sílẹ̀, ọ̀kan ń gòkè. Nígbà tí wọ́n lọ, ó tẹ̀ mọ́ mi létí.

"Wọ́n ti pààrọ̀ yín."

"Báwo?"

"Èyí tó ń gòkè yẹn, ìwọ ni. Wọ́n ti gbé nọ́ńbà ẹ fún ẹlòmíràn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí lọ́gbà wa, ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ pé wà nínú àtìmọ́lé, ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé ti lọ sílé lọ jẹun." Ó wò mí tàánútàánú. "A ní láti túbọ̀ fún un mọ́."

Bí wọ́n ṣe gba ẹyin náà lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì dókítà sọ fún mi pé wọ́n ti sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Ó fi ọwọ́ kan apá mi níbi tí iná ò dé. Ó ní ẹran ara mi ń jò lọ, òun ò lè lẹ awọ mọ́ ara tó ń jẹ ara rẹ̀. Tí ó bá fi ń rí báyìí lọ, egbò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà pọ̀ fúnra rẹ̀, ìka mi á ká wọnú, wọn ò sì ní nà mọ́. Mo wo ìrọ̀rí méjì tó wà lára mi. Mo gbìyànjú láti mi ìka mi nínú wọn. N kò mọ̀ bóyá wọ́n mì.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ. Ó yí ojú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó sì yí padà, ó fi ìbínú gbé kùkúmbà.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni nǹkan yíwọ́. Ìyá Etí gún mi lábẹ́rẹ́, oúnjẹ dé, ẹ̀gbọ́n mi gbé gbogbo rẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ télọ̀. Kò pẹ́ rárá tí òógùn fi bò mí. Ara mi ń gbọ̀n. Mo gbójú sókè, mo rí búrẹ́dì lára àjà, ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n ti fẹ́ jóná, kò sì sí ẹni tó ń yọ wọ́n.

"Ẹ yọ ọ́!" mo kígbe. "Ẹ yọ páànù òkè! Ta ló wà nídìí ààrò?"

Wọ́n ní dókítà sáré wọlé. Wọ́n ní mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, mo sì fi ohùn ọ̀gá sọ pé, "Ẹ dá eléyìí padà. Kò tíì pọ́n."

Ìyá Etí gún etí mi, ó wo nọ́ńbà, kò dúró ka ohun tó kù. Ó fa gúlúkóòsì sínú abẹ́rẹ́ ńlá, ó tì í sínú iṣan ẹsẹ̀ mi. Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rí kò lè mọ bó ṣe ń yára tó. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ kúrò lára àjà, èkejì kúrò, àjà di àjà. Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá wa.

"Kí lẹ fún un?" ó bèèrè.

"Ṣúgà, mà."

"Kí ni?"

"Ṣúgà. Tiẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó dákú." Ìyá Etí yí sí i pátápátá. "Mà, ṣé ó jẹun?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo àwo tó mọ́ gbáú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ wọ́n ti bi í ní ìbéèrè tó yẹ.

"Kò jẹ ẹ́," ó wí. "Télọ̀ ló jẹ ẹ́."

Gbogbo wa wo télọ̀. Ó ti fa aṣọ ìbora dé imú. Ìgò omi mẹ́ta tó ṣófo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí láti ìgbà tó ti ń jẹ oúnjẹ mi ni òùngbẹ ò ti jẹ́ kó sùn.

"Ìyá mi," ó wí lábẹ́ aṣọ, "ẹ má bínú. Èmi ni mo ní àtọ̀gbẹ."

"Ìwọ? Wọn kì í gún ẹ!"

"Oníhóró ni tèmi, mà. Ìdí tí áyọ́ọ̀nù ò fi dùn mí lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi ti kú díẹ̀."

"O sì ń jẹ kọ́sítáàdì àbúrò mi?"

"Ẹ̀yin lẹ ń gbé e fún mi, mà."

"O sì ń sọ pé Ọlọ́run á bùkún mi!"

"Mo ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀, mà."

Dókítà jókòó sórí ìdí ibùsùn mi. Mo rò pé inú á bí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra. Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: pé tí iná bá jó èèyàn tó báyìí, ìjayà á mú ara, á máa da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ ṣúgà náà ò ní rí ọ̀nà wọ inú ẹran ara níbi tó ti wúlò. Ínsúlíìnì ló ń mú un wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ti alátọ̀gbẹ náà, ìdí tí oníkálùkù fi nílò rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń wo àgbọ̀n dókítà.

Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára ní tèmi. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìdérí ẹ̀rọ kan fún mi, tí mo rí eyín tó ń yí eyín.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo wí, "ẹ rántí ààrò mi àtijọ́, èyí tó ń lo igi?"

"Mo rántí."

"Ẹ rántí ọjọ́ tí alábàárù tó ń kó igi wọlé ò wá? Igi kún àgbàlá, kò sí ẹni tó máa gbé e, fúláwà ti wú, iná ń kú lọ. Kí ni mo ṣe?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "O fọ́ àga mi."

"Mo fọ́ àga yín."

"Àga tí mo fowó ara mi rà! Mo wọlé, mo bá ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú iná!"

"Ohun tí ara mi ń ṣe nìyẹn. Ṣúgà kún àgbàlá, kò wọlé, ara mi wá ń fọ́ àga. Ẹran apá mi ni àga náà. Ínsúlíìnì ni alábàárù. Wọ́n bá mi gba alábàárù, wọ́n sì ń já igi sílẹ̀ lójoojúmọ́ kó lè rí nǹkan gbé."

Ó yíjú wo télọ̀.

"Èmi wá ń kó igi náà fún ilé kejì," ó wí.

"Alábàárù ò sì mọ̀. Ó ṣáà ń gbé. Ó gbé èyí tó wà nílẹ̀ wọlé títí àgbàlá fi gbẹ. Ìgbà yẹn ni mo rí búrẹ́dì lára àjà."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìdí ọwọ́ nu ojú.

"Àga yẹn dára o," ó wí.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìjọba yí padà. Ó kó oyin mi padà wá, jáàmù, àti bisikíìtì, títí kan èyí tó ṣẹ́ sí méjì. Ó ti dì í sínú ọ̀rá, kò sọ ìdajì kan nù. Ó gbé àga sáàárín ibùsùn èmi àti ti télọ̀, ó jókòó síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Tí oúnjẹ bá dé, á gbé ṣíbí.

"Ya ẹnu."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti yó."

"Mi ò bi ẹ́. Ya ẹnu."

Ẹyin mẹ́ta wọlé. Ẹran wọlé. Mílíìkì wọlé. Tí mo bá jẹ kọ́sítáàdì tán, á ní kí n gbé ahọ́n sókè kóun wo abẹ́ rẹ̀. Ó kọ́ láti wo nọ́ńbà ẹ̀rọ náà, Ìyá Etí ò sì lè gún mi lábẹ́rẹ́ mọ́ àyàfi tí oúnjẹ bá ti wà lórí tábìlì, tí ẹ̀gbọ́n mi ti rí i, tó sì ti ní, "Ó dáa, alábàárù lè wọlé." Ní ti télọ̀, ó gba kùkúmbà mi gẹ́gẹ́ bí ogún. Ẹ̀gbọ́n mi tún ń yẹ abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ wò láàárọ̀ àti lálẹ́. Télọ̀ ráhùn sí dókítà. Dókítà wo nọ́ńbà rẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan.

Nọ́ńbà tèmi dúró sójú kan. Apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í padà jọ apá. Wọ́n gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n bó itan, wọ́n lẹ ọwọ́, wọ́n tún wé mi. Ìdúró tó tẹ̀ lé e le ju iná lọ. Téèyàn bá ki búrẹ́dì sínú ààrò, ó lè gba ojú gíláàsì wò ó. Bándéèjì ò ní gíláàsì.

Lọ́jọ́ tí dókítà máa tú u, ẹ̀gbọ́n mi dìde dúró ṣánṣán bí ìgbà tí ọ̀gá àgbà bá ń bọ̀ wá ṣàyẹ̀wò ọgbà. Dókítà ń ká bándéèjì náà kúrò díẹ̀díẹ̀, ó ń fi omi rẹ ibi tó bá lẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ká kúrò. Awọ náà wà níbẹ̀, ó pọ́n, ó ń dán, ó sì dì mọ́ ọwọ́ mi láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìdí ìka.

"Ó mú," ni dókítà wí.

Télọ̀ tiro wá, ó tẹrí ba wo etí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. "Kò ká, kò hun. Ẹni tó rán eléyìí mọṣẹ́." Ó yí sí dókítà. "Tí iṣẹ́ yìí bá sú yín, ẹ wá bá mi."

Ẹ̀gbọ́n mi wo dókítà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Irùngbọ̀n ẹ ti ń hù dáadáa." N kò tíì gbọ́ kó yin ẹnikẹ́ni ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n fún mi ní bọ́ọ̀lù rọ́bà pé kí n máa fún un kí ìka lè rọ̀. Mo fún un títí ó fi sú mi, mo sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi bu fúláwà díẹ̀ wá, kó fi omi pò ó. Ìyẹn ni mò ń fún. Bọ́ọ̀lù ò ní ìtàn kankan láti sọ fún ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n fúláwà rán an létí. Ìka kan rántí, òmíràn rántí, ìka tó kéré jù nìkan ló ṣe agídí díẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan ààrò padà, oníṣẹ́ gáàsì ti wá yẹ gbogbo páìpù wò, wọ́n sì ti gba ìṣáná lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi wá jókòó sórí àga tuntun tí mo rà fún un. Télọ̀ wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yẹ àpò rẹ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà. Mo da fúláwà sílẹ̀, mo da yíìsì sí i, iyọ̀, omi, àti ṣúgà. Ẹ̀gbọ́n mi rí ṣúgà náà, ó jẹ́ kó kọjá. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Awọ tuntun kì í mọ ooru bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nígbà tí fúláwà bá ti dán, tó ti ń fà, tó ti fẹ́ dìde. Mo pò ó títí òógùn fi ń kán ní iwájú orí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbé ojú kúrò lára ọwọ́ méjèèjì. Mo gé e, mo tò ó sínú páànù, mo jẹ́ kó wú, mo tì í wọlé.

Ó jáde pẹ̀lú orí tó pọ́n dọ́gba. Mo fún télọ̀ ní kékeré kan tí mo ṣe lọ́tọ̀ láìfi ṣúgà sí i. Mo gbé odindi kan síwájú ẹ̀gbọ́n mi, mo sì dúró kí ó fà á ya.

Ó gbé e lọ́wọ́ méjèèjì. Ó yí i wò. Ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ya ẹnu, ó sì gé e jẹ láti orí, odidi bó ṣe wà.

Télọ̀ gbàgbé láti jẹ tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo wí, "ẹ ò fà á ya?"

"Kí n máa wá kí ni níbẹ̀?" ó wí, ó ń jẹun lọ. "Ṣebí mo ti rí ọwọ́ tó ṣe é."